Ẹ Bi Ìyá Oníròyìn: Ta Ló Ni Ìròyìn Báyìí?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kún àpótí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń bi mí nípa fóònù, WhatsApp àti Facebook, àti ohun tí wọ́n ń fi ojú rédíò àti ìwé ìròyìn rí. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí: Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí lọ́dún 1959, ọdún tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú wa, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Bàbá mi máa ń sọ pé ọdún kan náà ni ariwo méjì wọ ìlú. Ọdún 31 ni mo fi ka ìròyìn lórí rédíò, tí mo tún fi ṣe olóòtú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń gbè lẹ́yìn rédíò níbì kan, ẹ forí jì mí, ibẹ̀ ni mo ti jẹun.

Láti ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà kan, Ìwó Road, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, òjò ńlá kan rọ̀, àgbàrá sì gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ lójú mi. Mo fi fóònù mi ká a sílẹ̀, mo gbé e sórí Facebook. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó mi pè mí pé kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ iléeṣẹ́ wọn ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, àmọ́ ohùn mi tó ń pariwo pé “Yéè! Ẹ fò jáde!” ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ni “Láti orí ayélujára.” Ṣé orúkọ mi ni ayélujára ni? Ṣé wọ́n jẹ mí lówó àbí wọn ò jẹ mí?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, gbólóhùn yìí, “ṣé orúkọ mi ni ayélujára ni,” mo ti jí i lò. Èèyàn mẹ́ta ni mo ti sọ ọ́ fún, mo sì ń fi kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ọlọ́kadà kan ní Ìwó Road ló ni ín. O rí i pé kò nira.

Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, kò ní kí o lọ forúkọ fọ́nrán sílẹ̀ níbikíbi kó tó di tìẹ. Bí o ti ká a tán, o ti ni ín. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà fún oníròyìn láyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn fún ìròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, bó bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Torí ìdí èyí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n jẹ ọ́ lówó. Wọ́n jẹ ọ́ ní orúkọ, ìyẹn dá mi lójú. Kọ lẹ́tà sí wọn, má sì bú wọn. Sọ ọjọ́, sọ wákàtí, sọ pé ohùn rẹ ló wà níbẹ̀. Kí o tọ́jú fọ́nrán tó wà nínú fóònù rẹ gan-an, kì í ṣe èyí tó ti Facebook padà wá, torí ti inú fóònù ló máa ń ní ọjọ́ àti wákàtí lára. Bí wọ́n bá fún ọ ní nǹkan, gbà á. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn dárúkọ rẹ ni, gba ìyẹn náà.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá ní ìròyìn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń gbé e wá. Awakọ̀ á ti Ìjẹ̀bú Òde dé, á ní tírélà ṣubú dí ọ̀nà. Àwọn olókùú á mú ìwé ìkéde tiwọn dání. Mẹ́gàádì wa, ọkùnrin kan tí obì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló máa kọ́kọ́ yẹ gbogbo wọn wò lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ti mutí kò wọlé. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tó ń dárúkọ àdúgbò kan náà léraléra, mẹ́gàádì á fà á lọ́wọ́ wá bá wa kíákíá. Mo máa ń sọ pé òun ni olóòtú àkọ́kọ́ níléeṣẹ́ wa, kì í sì í sábà ṣì í.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2005, bọ́ǹbù bú gbàmù nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn okùn tí ọlọ́pàá ta ni àwọn oníròyìn wà. Àwọn èrò tó wà nínú ihò lábẹ́ ilẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, àwòrán tó lé ní 1,000 wọlé sí BBC láti ọwọ́ ará ìlú, pẹ̀lú fọ́nrán bí 20, àtẹ̀jíṣẹ́ 4,000 àti lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà 20,000. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kìkì fọ́nrán tí àwọn òǹwòran fi ránṣẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn alẹ́. Ìbàdàn ni mo wà tí mo ti ka èyí, mẹ́gàádì wa sì ni mo rántí. Ta ló fẹ́ dúró lẹ́nu géètì fún irú èrò báyẹn?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Awakọ̀ yẹn ńkọ́? O wo fọ́nrán, èmi náà wò ó (o fi ránṣẹ́ sí mi, o ṣeun), tẹlifíṣọ̀n sì gbé e fún gbogbo ayé wò, kò sì sẹ́ni tó sọ bóyá ọkùnrin inú ọkọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ibi tí ọkọ̀ ti ń yí igun ni fọ́nrán rẹ parí sí. Ká ní èmi ni mo wà ní yàrá ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà rẹ ni màá kọ́kọ́ wá kí n tó wá orúkọ rẹ, kí n lè bi ọ́ ní ìbéèrè yìí. Bí o bá mọ̀, pè mí.

Láti ọ̀dọ̀ bàbá kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:

Fóònù ni mo fi ń gbọ́ rédíò Ìbàdàn níbí, ó sì máa ń dà bíi pé mo wà nílé. Ṣùgbọ́n àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìwòyí, kí wọ́n tó sọ gbólóhùn méjì, wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ ogún èèyàn láti orí Facebook. “Àlàájì kan ní Dubai ní kí ẹ máa bá a lọ.” “Ìyá Ìbejì ní Mùṣín ní irọ́ ni.” Ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀yin ṣe nìyí, àbí ọ̀lẹ ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀lẹ wà níbẹ̀, n kò ní bò ó. Mo gbọ́ ètò oníwákàtí kan láìpẹ́ yìí tí ìkíni gba ìṣẹ́jú 40 nínú rẹ̀. Mo pa rédíò, mo lọ ṣa ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa la kọ́kọ́ ń kọ káàdì ránṣẹ́ sí rédíò pé “ẹ bá mi fi àpàlà kí ọkọ mi.” Ohun kan sì tún wà tó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bí yín. Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí I. B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Àgbà ti dé sí i, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ròyìn bó ṣe fi ẹwà rẹ̀ jayé àti àwọn ọkùnrin tó bá rìn l'Ékòó. Àwọn èèyàn ń dúró de lẹ́tà yẹn bí ẹni ń dúró de oúnjẹ. Wọ́n ń kọ̀wé bá a kẹ́dùn. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ kí olóòtú bá wọn fún un. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan níbì kankan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, inú bí mi sí bàbá náà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lóye rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ará ìlú jáde máa ń dùn gbọ́ ju ti olóòtú lọ. Kò rí ará ìlú tó lè sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, ló bá dá ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìwòyí kò nílò àtidá ẹnikẹ́ni, Ìyá Ìbejì Mùṣín ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Àfi kó má jẹ́ Ìyá Ìbejì. Ó lè jẹ́ gẹ̀ǹdé ọkùnrin kan tó jókòó sí Abẹ́òkúta, tí òṣèlú kan ń sanwó fún. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ̀, kò sì béèrè. Èyí ló ń dùn mí ju ọ̀lẹ lọ.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn pátápátá ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Awakọ̀ tó há sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ á sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp, ẹ ó máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ oníbúrẹ́dì. Láyé tiwa, kí ìròyìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó dé etí wa, àwọn tó há síbẹ̀ ti délé, wọ́n ti sùn.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ àdìrẹ kan, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ọkọ mi gbà pé WhatsApp ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni rédíò ń tọ̀. Ní tèmi, n kò lè gbàgbé òru omi iyọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín. Èmi náà wẹ̀.

Ẹ rántí pé ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà, tó sì kú lọ́jọ́ 25. A ò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Àna mi ni, láti Agége: kí n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ni. Èmi tí mo fi ọdún 31 bi àwọn èèyàn pé “ta ló sọ bẹ́ẹ̀,” mo dìde, mo gbé omi kaná. Bí mo ṣe ń da omi sára ni mo ń bú ara mi. Ó kéré tán, n kò mu ún. Ní ìpínlẹ̀ Plateau, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé èèyàn méjì kú nínú àwọn tó mu ún, tí wọ́n sì gbé àwọn mìíràn lọ sílé ìwòsàn. Rédíò ni mo tàn láàárọ̀ kí n tó gbọ́ tí àwọn elétò ìlera ń pariwo pé irọ́ gbuu ni.

Mo mọ̀ pé ibí lẹ fẹ́ kí n dúró sí, kí ẹ lè kà á sí ọkọ yín létí. N kò lè dúró níbẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn, kò sí ayélujára. Ìròyìn jáde pé Nnamdi Azikiwe ti kú. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ńláńlá gbé e. Iléeṣẹ́ tí mo wà náà gbé e, èmi gan-an ni mo sì kà á, pẹ̀lú ohùn ọ̀fọ̀ tí wọ́n kọ́ wa. Zik wà láàyè, ó ń jẹun rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ló tó kú.

Olóòtú pè mí padà. Ó ní èmi tí mo pa bàbá ni màá jí i. Mo jókòó síwájú makirofóònù, mo dá orúkọ mi bí a ti máa ń ṣe, mo wá sọ fún gbogbo ìlú pé a ṣì í. Oṣù mẹ́fà gbáko ni aláta kan ní ọjà Dùgbẹ̀ fi ń bi mí, bí mo bá ti yọ, pé “Ẹ̀yin oníròyìn, ṣé Zik ti jí?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, màá san owó ata mi. Ẹ wá bá mi wá ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ sínú fóònù. Aláta wo ló mọ ojú rẹ̀? Ọjà wo ló ń ná? Bó bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lónìí, ọkọ yín kò ní mọ̀ pé ẹni tó jí òun lóru nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa sọ fún ọkọ yín nìyẹn. Ẹ tún ní kó máa wo òkè ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sí i. Láti ọdún 2018 ni WhatsApp ti ń fi àmì sí ohun tí wọ́n bá ṣe àtagbà rẹ̀. Èyí tó bá ní ọfà méjì lórí, ó kéré tán, ọwọ́ márùn-ún ló ti gbà kọjá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n dín in kù pé ojú ibi márùn-ún péré la lè ta á sí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà Kòrónà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n sọ ti ọlọ́fà méjì di ẹyọ kan. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń ṣèkìlọ̀ fún yín pé ọjà yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Fásitì Ìbàdàn:

Màmá, lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ojú ewé akọrin DJ Switch lórí Instagram la ti rí bí àwọn sọ́jà ṣe ń yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn lórí ìwà ìkà ọlọ́pàá ní too-gate Lẹ́kkí. Tẹlifíṣọ̀n dà? Ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì nídìí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn alẹ́ yẹn, NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé Channels lórí, ó bu iye kan náà lé AIT, ó tún bù ú lé Arise. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n gbé fọ́nrán orí ayélujára tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa. Ìwọ rò ó wò: ohun tí ọmọ ọdún 15 ti wò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí tẹlifíṣọ̀n bá fi hàn, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ìjọba Buhari ti Twitter pa, NBC tún pàṣẹ kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pa ojú ewé tiwọn níbẹ̀ rẹ́, kí wọ́n má sì lọ wá ìròyìn níbẹ̀ mọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ fi VPN, ètò tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́ lórí ayélujára, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Oníròyìn tó ní láìsẹ́ńsì nìkan ni wọ́n tì mọ́ ìta.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja sọ ọ́, lórí ẹjọ́ mìíràn tó ti 2019 wá, pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì láṣẹ àtibu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Ìyẹn kò sọ pé kí tẹlifíṣọ̀n máa gbé gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ń mì lójú fóònù. Àyẹ̀wò pọn dandan. Owó ìtanràn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní àyẹ̀wò. Ohun tí olóòtú máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kó máa gbé ètò sísè ọbẹ̀ bí ìlú bá ń gbóná.

Wo ohun tí CNN ṣe. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn Lẹ́kkí tí wọ́n kó fọ́nrán àwọn tó wà níbẹ̀ jọ, wọ́n wo ọjọ́ àti wákàtí tó wà lára rẹ̀, wọ́n bá àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ṣe ìròyìn tó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìjọba. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni fọ́nrán wọ̀nyẹn ti wá. Mo jowú, n kò ní tàn ọ́. Ọwọ́ wa níbí ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn ti kọ́kọ́ jáde, àwọn tó lè ṣe é sì wà níbí. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Èmi ni mo kọ́ méjì.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin ọdún 17 kan, Ìlọrin:

Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Bàbá mi ní kí n má wulẹ̀ dààmú, kí n ra fóònù tó dáa, kí n máa ṣàwàdà bíi Mr Macaroni, pé ibẹ̀ lowó wà.

Ìdáhùn: Sọ fún bàbá rẹ pé Mr Macaroni náà lọ sílé ìwé. Tíátà ló kà ní Redeemer's University.

Ní ti owó, bàbá kò parọ́. Lọ́dún 1975, Daily Times nìkan ń tà tó ẹ̀dà 275,000 lójúmọ́. Lónìí, kódà àwọn akàwé-lófẹ̀ẹ́ tó máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ òṣèlú jà láìra ẹyọ kan, wọ́n ti ń dín kù. Ilé ni wọ́n ti ń jà báyìí, lórí fóònù. Fẹ́ńdọ̀ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ti ń ta káàdì fóònù àti gúgúrú mọ́ ìwé ìròyìn. Owó ìpolówó tó ń bọ́ wa tẹ́lẹ̀, Google àti Facebook ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀. YouTube ń sanwó fún ẹni tí wọ́n bá wò, kì í bi í bóyá òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà tó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, wọn kò tíì rí nǹkan kan.

Síbẹ̀, lọ kẹ́kọ̀ọ́ náà, kí bàbá ra fóònù náà fún ọ mọ́ ọn. Bí o bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí wà lẹ́jẹ̀ rẹ, ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí o lọ jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ tó wà ládùúgbò yín fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ìpàdé káńsù, ọjọ́ tí wọ́n bá ń jíròrò owó tí wọ́n fẹ́ fi tún kòtò ṣe. Iná, ìjà, omíyalé, ọlọ́kadà á ká a kí o tó débẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ká ìpàdé káńsù sórí TikTok. Ó máa ń sú èèyàn. Ó sú èmi náà fún ọdún 31, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín owó yín.

Àfikún: Mo ti di gbogbo èyí pọ̀ fún olóòtú kí ọlọ́kadà Ìwó Road tó pè mí lánàá. Mo ti fi ìdáhùn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i ṣáájú, ìbéèrè mi kò sì jẹ́ kó sùn. Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi wá awakọ̀ náà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ta àgbàdo níbi igun yẹn, títí tí ẹnì kan fi mú un dé ilé kan lẹ́yìn Bódìjà. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló gbà jáde, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti yí igun tán. Apá rẹ̀ kan ṣì wà nínú báńdéèjì.

Ọlọ́kadà kò tíì sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó kàn ní “Ẹ kú ọ̀sán o, sà,” ọkùnrin náà sì dá a dúró, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ké pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé wá. Ó ní, “Ohùn tó ní kí n fò jáde nìyí.”